Bí Wọ́n Bá Wọn Ẹ̀yin Náà Wò: Bí Alámèyítọ́ Ṣe Lè Dáhùn Àríwísí Lórí Ayélujára

"Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ìwé náà tán?"

Bí ẹnì kan ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ àyẹ̀wò ìwé ìtàn kan tí mo gbé sórí ayélujára ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, èébú ló kù. Ó ní ọ̀lẹ ni mí. Ó ní ẹ̀yìn ìwé nìkan ni mo kà. Ó ní irú wa ló ń ba iṣẹ́ lámèyítọ́ jẹ́. Mi ò ka ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì tí mo fi gbé e pamọ́ kúrò lójú àwọn èèyàn, mo sì bá tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi kan tó ka ìwé kan náà bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà tí ìyá fi sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kà á sókè ní orí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Mo lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo wá padà lọ ka ìyókù ọ̀rọ̀ ẹni tó bú mi. Ó ti sọ ojú ewé náà gan-an fún mi, nínú ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti bú mi tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ́ kí àṣìṣe wà níta nítorí pé ẹni tó gbé àtúnṣe rẹ̀ wá kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ fún ara mi, tí mo sì ń tún wọn ṣe bí ìyà bá ṣe ń kọ́ mi. Àwọn tó ń yẹ ìwé, fíìmù, orin, àwòrán, eré orí ìtàgé àti àṣà wò ní gbangba ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá wá gbé tiwa náà sórí òṣùwọ̀n, ojú tí a fi ń ka iṣẹ́ wọn ni kí á fi ka ọ̀rọ̀ wọn: ká kà á tán, ká mọ ohun tó ń sọ, ká tó dájọ́.

Ohun tí ẹ kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún kà

Bí ìfitónilétí bá ti ń dún lórí fóònù, ọwọ́ á ti máa yún èèyàn láti fèsì. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ṣí àyẹ̀wò tí ẹ kọ, kí ẹ kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ kà á sókè. Ohun tó wà lọ́kàn wa nígbà tí à ń kọ̀wé la máa ń rántí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú ìwé nìkan ni òǹkàwé rí. Àìmọye ìgbà ni mo ti fẹ́ dáhùn pé "mi ò sọ bẹ́ẹ̀," tí mo wá rí i pé mo sọ ọ́, pẹ̀lú ẹnu ara mi.

Bí èsì bá ti ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́ síbi tí kò ti sí bọ́tìnnì tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: inú ìwé àjákọ, tàbí ibi tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sí lórí fóònù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ayélujára tún burú sí i, torí pé ẹ ò tíì ní pa á rẹ́ tán tí ẹnì kan á ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́.

Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Àríwísí lórí èrò yín lè sùn di ọjọ́ kejì, kò ní bàjẹ́. Àṣìṣe tó dájú, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ìhàlẹ̀ kì í dúró rárá. Màá dé orí rẹ̀.

Ní 2004, John Suler, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí tí a fi ń sọ lórí ayélujára ohun tí a ò ní sọ lójúkojú. Lára ohun tó kà ni pé a ò rí ojú ara wa, pé orúkọ wa lè má hàn, àti pé èsì kì í dé lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń bú wa la máa ń fi àlàyé yìí bá wí. Ó kan àwa náà. Òǹkọ̀wé tí mo sọ nínú àyẹ̀wò pé kò mọ ìwé kọ, ṣé màá sọ bẹ́ẹ̀ fún un tí àwa méjèèjì bá jókòó sídìí tábìlì kan?

Ẹ bó èébú kúrò lára ọ̀rọ̀, kí ẹ wo ohun tó kù

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì gbani jù. Ẹ mú bébà kan. Ẹ fi gbólóhùn kan péré kọ ohun tí ẹni náà ń sọ sílẹ̀, láìsí èébú rẹ̀, láìsí ẹ̀gàn tó fi bò ó. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹni tó bú mi, ohun tí màá rí ni: "Ọmọ náà ka lẹ́tà ìyá rẹ̀ ní ojú ewé báyìí." Ọ̀rọ̀ yìí kò mú ìbínú kankan lọ́wọ́. Ó ṣeé yẹ̀ wò, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá bó wọn tán, kò ní sí nǹkan kan nínú. Ìwọ̀nyẹn kò nílò èsì.

Paul Graham, òǹkọ̀wé tó ń ṣòwò kọ̀ǹpútà, to oríṣi àtakò sórí àkàsọ̀ onípele méje ní 2008: bíbú ẹni ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì ń gòkè títí dé orí ẹni tó fi ẹ̀rí bi kókó ọ̀rọ̀ gan-an wó. Mo máa ń lo àkàsọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣe sọ̀rọ̀ ló ń wọ̀n, kì í wọn bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ àkàsọ̀ lè tọ̀nà, ẹni tó wà lókè pátápátá, tó ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ to ẹ̀rí lọ bẹẹrẹ, sì lè ṣì í. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pàápàá, ẹ lè bá èébú, àṣìṣe gidi tí wọ́n tọ́ka sí, àti ìyàtọ̀ èrò, kí gbogbo wọn lọ́ mọ́ra. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìdáhùn tirẹ̀.

Irú kan wà tí a máa ń yára jù nù: "Ta ló fi yín jẹ onídàájọ́?" Ó jọ èébú, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi lè wà nínú rẹ̀. Ṣé ọ̀rẹ́ yín ni olùdarí fíìmù náà? Ṣé ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ló sanwó ọkọ̀ yín lọ síbi ìfihàn? Ṣé ẹ gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ orin náà, àbí ìtumọ̀ lẹ kà? Òǹkàwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ gbogbo èyí, ó sì yẹ kó ti wà nínú àyẹ̀wò látìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dáhùn tààrà: "Ilé ìtẹ̀wé ló fún mi ní ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì mọ òǹkọ̀wé rẹ̀ láti ìgbà tí a wà nílé ìwé." Ẹ fi kún àyẹ̀wò náà, kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ pinnu bí ọ̀rọ̀ yín ṣe máa wúwo tó lójú òun.

Àṣìṣe ní gbangba, àtúnṣe ní gbangba

Bí ohun tí wọ́n sọ bá jẹ́ òótọ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún ibi tó ṣì ṣe. Ẹ kọ àkíyèsí sí i, pẹ̀lú déètì, tó sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Kí ẹ wá fèsì fún ẹni tó rí i, níbi tó ti sọ ọ́, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó bú yín. Ohun tí mo kọ sábẹ́ tèmi nìyí:

"Àtúnṣe: mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà ìyá náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kà á ní orí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Òǹkàwé kan ló pe àkíyèsí mi sí i."

Kò yẹ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ mi dun ẹnikẹ́ni" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ fún àṣìṣe tó hàn gbangba; ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ń di ẹ̀bi náà lé òǹkàwé lórí. Ẹ má sì yọ́ ọ tún ṣe lóru kí ẹ wá ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Wayback Machine tí Internet Archive ṣí fún gbogbo ayé ní 2001 ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé ayélujára pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi ti àná wé ti òní. Wọ́n máa ń dárí àṣìṣe ji alámèyítọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń nu ipasẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́ ni wọn kì í gbàgbé.

Ẹ wá bi ara yín pé kí ni àṣìṣe náà gbé ró. Bó bá jẹ́ orúkọ òṣèré lẹ ṣì kọ, ẹ tún un kọ, ó parí. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínrọ̀ kẹrin mi látòkè délẹ̀ dá lórí pé òǹkọ̀wé náà kò jẹ́ kí ìyá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá wá ka lẹ́tà sókè, ìyá ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo tún orí náà kà, mo sì rí i pé òdìkejì ohun tí mo kọ ni òǹkọ̀wé ṣe: ó fi ohùn ìyá pa mọ́ títí di ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn mọ́. Bóyá ibẹ̀ ló dára jù nínú ìwé náà, èmi sì fò ó kọjá. Mo kọ ìpínrọ̀ tuntun, mo fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí àwọn tó ti kà á lè rí ìyàtọ̀. Àtúnṣe ìlà kan ṣoṣo kì bá tó.

Nígbà tó bá jẹ́ pé èrò ló yàtọ̀

Kò sí ohun tí a máa tún ṣe níbí. Ẹ rí fíìmù náà bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i báyìí. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe ọ̀kan nínú àṣejù méjì: ká gbàgbé èrò wa torí kí wọ́n lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀, tàbí ká le koko bí òkúta torí pé a ò fẹ́ kí wọ́n rí wa bí ẹni tó juwọ́ sílẹ̀.

Roger Ebert, alámèyítọ́ fíìmù tó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1975, sọ ní 2005 pé géèmù fídíò kò lè dé ipò tí fíìmù àti ìwé dé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Ní oṣù kẹrin 2010 ó tún un sọ, ti ìgbà yìí sì le ju ti ìṣáájú lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló dá a lóhùn. Nígbà tó di oṣù keje ọdún náà ó kọ èsì. Kò ní òun ti yí èrò padà. Lójú tirẹ̀, ohun tó rò náà ló ṣì rò. Ohun tó gbà ni pé kò yẹ kí òun dá sí i rárá nígbà tí òun kò gbá géèmù tó nǹkan. Òun kì í dájọ́ fíìmù tí òun ò wò, ó sì ti ṣe irú rẹ̀ sí géèmù.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ibi tó fa ìlà gbà. Èrò rẹ̀ lọ́tọ̀, ìdúró tó fi sọ ọ́ lọ́tọ̀. Àwọn tó ta kò ó kò lè fi ipá yí èrò rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wọ́n tọ̀nà lórí ìdúró rẹ̀, ó sì fún wọn ní ìyẹn láìfi nǹkan kan pa mọ́. Èèyàn lè sọ pé nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ ti pẹ́ jù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wo ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tó wá bá a, àkókò tó fi kà á kó tó fèsì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó kọ ọ́ ju èsì ọ̀sán ọjọ́ kan náà lọ.

Fún bí ẹ ó ṣe gbé èsì náà kalẹ̀, ìlànà kan wà tí Daniel Dennett, onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ sílẹ̀ ní 2013, tó sì fi orúkọ Anatol Rapoport, onímọ̀ ìṣirò, pè. Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni tó ta kò yín sọ dáadáa débi pé òun gan-an á ní "ká ní mo mọ̀ ọ́n sọ báyẹn ni." Ẹ sọ ibi tí ẹ ti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà nìkan ni kí ẹ tó ta kò ó. Nínú ọ̀rọ̀ kúkurú orí ayélujára, ó lè lọ báyìí:

"Bí mo bá gbọ́ yín yé, ẹ̀ ń sọ pé fíìmù náà ń falẹ̀ kí àwa òǹwòran lè mọ bí ọjọ́ ṣe gùn tó fún opó náà, pé ohun tí mo pè ní àléébù gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe. Mo gbà pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn, mi ò sì ronú kan ojú fèrèsé tí ẹ mẹ́nu bà. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni wákàtí kejì. Lójú tèmi, àwòrán kan náà ló ń padà wá láìmú nǹkan tuntun dání."

Ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá yé yín, tàbí ẹ kò yé wọn, ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti di pé ẹ fẹ́ borí.

Bó bá jẹ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ló kọ̀wé

Ó ń dùn ún, ó sì ní ẹ̀tọ́ kó dùn ún. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe ohun tí ẹ fi wákàtí mẹ́ta kọ̀wé lé lórí. Ẹ má bá a jiyàn lórí bó ṣe rí lára rẹ̀. Bó bá tọ́ka sí àṣìṣe, ẹ tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti ṣe fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ní ẹ kò mọ ohun tí òun ní lọ́kàn, ẹ lè dúpẹ́ pé ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú iṣẹ́ lẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ bá a parí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ìdájọ́ yín wá dẹ̀ lójijì láìsí pé òǹkàwé mọ ìdí rẹ̀.

Ní 2003, Ebert yìí náà (ẹ má bínú pé mo tún pè é, ó jà ju gbogbo wa lọ) sọ pé fíìmù kan tí Vincent Gallo darí ló burú jù lọ nínú gbogbo ìtàn àjọ̀dún fíìmù Cannes. Gallo bú u lórí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi, Ebert náà sì dá a padà fún un. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan fún wa níbẹ̀ yẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ní ẹ̀kọ́. Gallo gé bí ìṣẹ́jú 26 kúrò nínú fíìmù náà. Ebert lọ wo ẹ̀dà tuntun náà, ó yìn ín ní 2004, ó sì ṣàlàyé ohun tí gígé náà yí padà. Iṣẹ́ ló yí padà, kì í ṣe pé wọ́n dẹ́rù bà á.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ni iṣẹ́ lókìkí jù yín lọ fíìfíì. Ní 2012, lẹ́yìn tí A. O. Scott ti New York Times kọ àyẹ̀wò tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn nípa fíìmù kan tí Samuel L. Jackson wà nínú rẹ̀, Jackson sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lórí Twitter pé kí wọ́n bá Scott wá iṣẹ́ mìíràn, ọ̀kan tó lè ṣe. Ní 2016 Scott gbé odidi ìwé kan jáde lórí ohun tí iṣẹ́ lámèyítọ́ wà fún, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà nínú rẹ̀. Ó ń kọ̀wé lórí fíìmù fún ìwé ìròyìn náà títí di 2023.

Nígbà tí agbo bá dé

Ìyàtọ̀ wà láàárín èèyàn ọgọ́rùn-ún tó ka àyẹ̀wò yín tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn àti èèyàn ọgọ́rùn-ún tí ẹnì kan rán wá. Ní oṣù keje 2012, Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó àyẹ̀wò fíìmù jọ, dá kíkọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àyẹ̀wò fíìmù Batman kan dúró, torí pé wọ́n ń halẹ̀ ikú mọ́ àwọn alámèyítọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé kò wù wọ́n. Fíìmù náà kò tíì jáde fún gbogbo èèyàn lákòókò yẹn. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà nítorí rẹ̀ kò tíì wò ó.

Ẹ má gbìyànjú láti dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Alberto Brandolini, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, sọ ní 2013 pé agbára tí èèyàn fi ń tú irọ́ palẹ̀ pọ̀ gidigidi ju èyí tí wọ́n fi pa á lọ. Ẹ kọ èsì kan tó mọ́gbọ́n dání, ẹ so ó mọ́ òkè ojú ewé yín, kí ẹ jáde kúrò nínú ìkànnì náà fún ọjọ́ méjì. Bí ọ̀rọ̀ tuntun tó ní láárí bá wà láàárín ariwo, ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan kó bá yín ṣà á jáde.

Ẹ má sì sáré lọ bá lọ́yà nítorí kí wọ́n lè bá yín pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Ní 2003, Barbra Streisand, olórin Amẹ́ríkà, pe ẹjọ́ 50 mílíọ̀nù dọ́là torí àwòrán kan tó fi ilé rẹ̀ létí òkun hàn. Kí ó tó pẹjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni wọ́n ti gba àwòrán náà sílẹ̀, àwọn lọ́yà rẹ̀ ló sì gba méjì níbẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ju 420,000 èèyàn lọ tó wá wò ó.

Wàyí o, ohun tí ẹnu wa kì í fẹ́ sọ ni pé àwa náà ní agbo. Alámèyítọ́ tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ń tẹ̀ lé, tó wá gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ogójì èèyàn ń tẹ̀ lé síwájú wọn, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán rẹ̀, tó ní "ẹ wá wo ohun tí eléyìí kọ," kò dáhùn àríwísí kankan. Ó tú ajá sílẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tó dáhùn ní gbangba, ẹ tún un sọ lọ́rọ̀ ara yín, kí ẹ yọ orúkọ ẹni náà kúrò. Èmi ti ṣe èyí tí kò dára náà rí, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹnì kan nínú wọn ti ojú ewé rẹ̀ pa.

Ìhàlẹ̀ kì í ṣe àríwísí

Bí ẹnikẹ́ni bá halẹ̀ pé òun á ṣe yín léṣe, tàbí wọ́n gbé àdírẹ́sì ilé tàbí nọ́ńbà fóònù yín síta, gbogbo ohun tí mo sọ látòkè kò kàn án mọ́. Ẹ má dáhùn. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà kí orúkọ, ọjọ́ àti àkókò hàn níbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú líǹkì rẹ̀, kí ẹ tó búlọ́ọ̀kì ẹni náà, torí pé lẹ́yìn náà ẹ lè má rí i mọ́. Ẹ fi tó ìkànnì náà létí, ẹ sọ fún olóòtú yín àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka àpótí ọ̀rọ̀ yín fún ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ mọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Láti oṣù kọkànlá 2024, ẹni tí ẹ búlọ́ọ̀kì lórí X (Twitter tẹ́lẹ̀) ṣì lè rí ohun tí ẹ kọ fún gbogbo ayé. Ohun tí kò lè ṣe ni kó fèsì sí i. Ẹni tó bá rò pé búlọ́ọ̀kì ti fi òun pa mọ́ ń tan ara rẹ̀.

Anita Sarkeesian, tó ń yẹ bí géèmù ṣe ń ya àwòrán obìnrin wò, ti ń rí ìhàlẹ̀ láti 2012. Ní oṣù kẹwàá 2014, ó fagi lé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní yunifásítì Utah State lẹ́yìn tí ẹnì kan fi ímeèlì halẹ̀ pé òun á yìnbọn pa èèyàn níbẹ̀, tí àwọn aláṣẹ sì sọ pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò fún àwọn láyè láti dá ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó sá fún àríyànjiyàn.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ dákẹ́, àti ohun tí ẹ ó ṣe lọ́dọọdún

Àwọn kan á wá pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní ìbéèrè kékeré kan ni. Ẹ dáhùn, òmíràn dé. Ẹ dáhùn ìyẹn, wọ́n ní ẹ̀rí dà. Bí ìbéèrè kẹta kò bá ti gba ohunkóhun yẹ̀ wò látinú ìdáhùn méjì àkọ́kọ́, kì í ṣe ìdáhùn ni wọ́n ń wá. "Mo ti sọ tèmi, ẹ ṣeun" ti tó.

Fún ìyókù, mo ní fáìlì kan. Gbogbo gbólóhùn tí mo bó èébú kúrò lára wọn ni mo ń kó síbẹ̀, pẹ̀lú déètì, láìkọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ní ìparí ọdún mo máa ń kà á. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kì í dà mí láàmú. Èyí tí èèyàn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn sọ lórí àyẹ̀wò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo máa ń fa ìlà sí lábẹ́. Ọ̀nà yẹn ni mo fi mọ̀ pé mo máa ń sáré ka ìdá ìkẹyìn ìwé, àti pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ nípa orin inú fíìmù àfi bó bá bí mi nínú.

Ní ti ẹni tó bú mi, mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà síta, mo tọrọ àforíjì pé mo gbé e pamọ́, mo sì dúpẹ́. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì pé òun ti rí àṣìṣe mìíràn nínú àyẹ̀wò mi tó tẹ̀ lé e, pé ọdún tí mo kọ fún ìwé náà kò tọ̀nà. Mo lọ wo inú ìwé, mo lọ wo àkọsílẹ̀ ilé ìtẹ̀wé. Tèmi tọ̀nà ní ọjọ́ yẹn. Ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ lòun wò. Mo ya àwòrán ojú ewé náà ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Ó dáa."